Iná airbag tí kò kú: bí a ṣe ń wá àléébù sẹ́ńsọ̀ ìjókòó iwájú rí, tí a sì ń tún un ṣe

Bí iná airbag bá tàn tí kò kú lójú dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ tòkunbọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá, tí iná PASSENGER AIR BAG OFF náà sì ń tàn nígbà tí àgbàlagbà jókòó níwájú, sẹ́ńsọ̀ tó ń mọ̀ bóyá èèyàn wà lórí ìjókòó yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ẹ má tíì sáré lọ ra òmíràn o. Lọ́pọ̀ ìgbà, sọ́kẹ́ẹ̀tì abẹ́ ìjókòó ló ṣí tàbí tó ti dógùn-ún, àbí kó jẹ́ pé ẹnì kan ti tú ìjókòó náà nígbà kan rí, tó dè é padà, tí kò sì dá òǹkà rẹ̀ padà sí òdo. Méjèèjì kò ju kí ẹ fọ sọ́kẹ́ẹ̀tì kí ó mọ́, kí ẹ sì lo ìṣẹ́jú díẹ̀ nídìí skánà tó péye.

Ohun tó ká mi lára jù ni ojútùú tí wọ́n ń tà fáwọn èèyàn ní ojú títì: "Ẹ jẹ́ ká bá yín pa iná yẹn." Wọ́n á yọ gílóòbù rẹ̀, tàbí kí wọ́n so rẹ̀sísítọ̀ kan mọ́ wáyà kí ọkọ̀ lè máa rò pé nǹkan ń lọ déédéé. Iná á kú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà kò ní mọ ìyàtọ̀ láàárín ọmọ ọdún mẹ́rin àti bàbá rẹ̀ mọ́. Nítorí náà, gbogbo ohun tí mo fẹ́ là sílẹ̀ níbí, bí iná yóò ṣe kú nítorí pé àléébù ti tán ni.

Iṣẹ́ tí sẹ́ńsọ̀ yìí ń ṣe

Airbag iwájú lè tú jáde pẹ̀lú eré tó tó 320 km ní wákàtí kan. Ó lè gba ẹ̀mí àgbàlagbà tó de bélíìtì là, kó sì pa ọmọ kékeré tó jókòó síbi kan náà. Àwọn ọmọdé tí airbag pa ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1990 sí 1999 ló mú kí wọ́n tún òfin ààbò ọkọ̀ wọn ṣe, èyí tí wọ́n ń pè ní FMVSS 208. Láti September 2003 ni wọ́n ti ń mú un wọlé díẹ̀díẹ̀, nígbà tó sì di September 2006, gbogbo ọkọ̀ kéékèèké tuntun tí wọ́n ń tà níbẹ̀ ló gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Wọ́n fi bèbí ìdánwò tó ṣe ìwọ̀n ọmọ ọdún 1, ọdún 3 àti ọdún 6 wò ó, àti ti obìnrin tó kéré ní ara, tí ìwọ̀n rẹ̀ tó 49 kg. Fún obìnrin yẹn, airbag gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́. Fún ọmọdé, kó má tú rárá, tàbí kó tú pẹ̀lẹ́.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé Camry tí a ń pè ní Muscle, tó bá ti Amẹ́ríkà wá, ní nǹkan yìí lábẹ́ ìjókòó, nígbà tí ọkọ̀ tó ti Yúróòpù wá, tó gba Kútọnù wọlé, lè má ní i rárá. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Yúróòpù, ihò kọ́kọ́rọ́ kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù tí ẹ ó fi pa airbag iwájú fúnra yín, pẹlẹbẹ tó wà nínú ìjókòó sì lè jẹ́ ti ìránnilétí bélíìtì lásán. Ẹ mọ èyí tí ẹ ní kí ẹ tó tú ohunkóhun.

Oríṣi mẹ́rin ló wọ́pọ̀. Àkọ́kọ́ ni èyí tó ń wọn ìwúwo láti igun mẹ́rin ìjókòó, lórí réèlì. Toyota ti Amẹ́ríkà lò ó lára Camry 2007 àti Corolla 2009. Ìkejì jẹ́ àpò pẹlẹbẹ tó kún fún jẹ́ẹ̀lì lábẹ́ fóòmù, tí sẹ́ńsọ̀ kan ń wọn bí ó ṣe ń tẹ̀. GM lò ó gan-an. Ìkẹta ni pẹlẹbẹ rọ́bà tó ní ojú wáyà nínú, èyí tó wà nínú BMW àti Mercedes. Ìkẹrin kì í wọn ìwúwo rárá: iná mànàmáná díẹ̀ ló fi ń mọ̀ pé ara èèyàn wà nítòsí. Ti Toyota ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ láti òkè dé ilẹ̀ nítorí òun ló kún ojú títì wa.

Ẹ kọ́kọ́ ka iná dáadáa

Ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́ sí ON láì tá ẹ́ńjìnnì. Iná airbag pupa gbọ́dọ̀ tàn fún bíi ìṣẹ́jú-àáyá 6, kó sì kú. Bí kò bá tàn rárá, ẹnì kan ti fọwọ́ kan gílóòbù tàbí wáyà rẹ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ ka ọkọ̀ yẹn sí èyí tí airbag rẹ̀ ti tú rí títí ẹ ó fi rí ẹ̀rí pé kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ó bá tàn tí kò kú, àléébù wà. Bí iná OFF nìkan ló tàn láìsí iná pupa, ó ṣeé ṣe kí sẹ́ńsọ̀ máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ: ọmọdé ló jókòó, tàbí àgbàlagbà tó fara ti ilẹ̀kùn, tàbí tó jókòó sí etí ìjókòó.

Kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni, ẹ wo abẹ́ ìjókòó. Ìgò omi, agbòòrùn, bàtà, àti panápaná kékeré tí FRSC máa ń béèrè, ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú wa ń tì wọ́n sí. Ohunkóhun tó bá ti ìsàlẹ̀ ìjókòó sókè ń gbé ìwúwo kúrò lórí sẹ́ńsọ̀, ọkọ̀ á sì rò pé ọmọ kékeré ló jókòó. Báàgì tó wúwo tí a fi kọ́ ẹ̀yìn ìjókòó ń ṣe òdì kejì rẹ̀. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ kúrò, ẹ pa kọ́kọ́rọ́, ẹ tún un ṣí, kí ẹ wò ó.

Ẹ wọn bátìrì náà pẹ̀lú mítà. Bátìrì tó kún gbọ́dọ̀ fún yín ní bíi 12.4 V sókè nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò ṣiṣẹ́. Bátìrì tó ti rẹ̀ máa ń gbé kóòdù (àmì àléébù tí ọkọ̀ ń kọ sílẹ̀) èké jáde, pàápàá lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan láì rìn.

Kóòdù: ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í

Skánà kékeré olówó pọ́ọ́kú tí a ń so mọ́ fóònù, kóòdù ẹ́ńjìnnì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú P ni púpọ̀ nínú wọn lè kà. Ti airbag bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú B. Ẹ nílò èyí tó lè wọ SRS, ìyẹn ètò airbag ọkọ̀: Launch, Autel, tàbí Techstream ti Toyota fúnra rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká pẹ̀lú okùn rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ gba riwáyà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹ máa bi í nìyí: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé skánà yín ń wọ Occupant Detection, ṣé ó sì lè ṣe Zero Point Calibration?" Àkọ́kọ́ ni ibi tí kóòdù ìjókòó wà, ìkejì sì ni dídá òǹkà ìjókòó padà sí òdo. Bí kò bá lè ṣe é, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ máa lọ.

Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ ọn nìyí. Nínú Toyota, brain box (kọ̀ǹpútà kékeré inú ọkọ̀) méjì ló ń bára wọn sọ̀rọ̀: ti airbag tó wà láàárín ọkọ̀, àti ti ìjókòó tó wà lábẹ́ ìjókòó fúnra rẹ̀. Bí ti ìjókòó bá ní ìṣòro, ti airbag á kọ B1650 sílẹ̀. B1650 kò sọ ju pé "ìjókòó ní ẹjọ́" lọ. Ẹni tí skánà rẹ̀ kò kọjá SRS á rí i, á sì ní kí ẹ pààrọ̀ brain box airbag, owó ńlá tó lọ lásán. Ẹ jáde nínú SRS, ẹ wọ Occupant Detection, ibẹ̀ ni òtítọ́ wà.

B1780 ni sẹ́ńsọ̀ iwájú ti apá òsì, B1781 ti iwájú apá ọ̀tún, B1782 ti ẹ̀yìn apá òsì, B1783 ti ẹ̀yìn apá ọ̀tún. B1771 jẹ́ ti ìdè bélíìtì. B1790 ń sọ pé brain box méjèèjì kò gbọ́ ara wọn. B1793 àti B1794 jẹ́ ti iná tó ń bọ́ sẹ́ńsọ̀ àti brain box náà, nítorí náà fíúsì àti wáyà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. B1795 ló ń fi brain box ìjókòó fúnra rẹ̀ sùn. Bí kóòdù sẹ́ńsọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá jáde lẹ́ẹ̀kan náà, kò dájú pé mẹ́rin kú lọ́jọ́ kan; sọ́kẹ́ẹ̀tì tí gbogbo wọn jọ ń gbà kọjá ni ẹ ó wá.

Ẹ kọ gbogbo kóòdù sílẹ̀ kí ẹ tó pa wọ́n rẹ́. Lẹ́yìn náà ẹ pa wọ́n rẹ́, ẹ wo èyí tó padà wá lójú ẹsẹ̀ àti èyí tó dúró dìgbà tí ẹ sún ìjókòó síwá-sẹ́yìn. Èyí tó ń padà nígbà tí ìjókòó ń sún ti sọ ibi tó wà fún yín: wáyà ló ń fà tàbí tó ń ha.

Títú ìjókòó

Nínú ìjókòó yìí, airbag ẹ̀gbẹ́ lè wà nínú ẹ̀yìn rẹ̀, ohun tó ń fa bélíìtì le nígbà ìjàǹbá náà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Méjèèjì ní ohun abúgbàù nínú. Ẹ má fojú kékeré wo abala yìí.

Bóòtù mẹ́rin ló di ìjókòó mú, sìpánà 14 ló ń tú wọn. Bí ìjókòó yín bá ń fi iná mànàmáná sún, ẹ tú bóòtù kí ẹ tó tú bátìrì: ẹ sún un sẹ́yìn, ẹ pa kọ́kọ́rọ́, ẹ tú ti iwájú, ẹ sún un síwájú, ẹ pa kọ́kọ́rọ́, ẹ tú ti ẹ̀yìn. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó yọ orí negative bátìrì, kí ẹ sì dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá 90 ó kéré tán kí iná tó kù nínú brain box airbag lè tán. Honda ní kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 3. Lẹ́yìn náà ẹ gbé ìjókòó náà sẹ́yìn díẹ̀ kí ẹ lè rí abẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì yọ àwọn sọ́kẹ́ẹ̀tì.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ yẹ́lò jẹ́ ti airbag. Ẹ má fi mítà wọ̀n ọ́n láé, ẹ má sì fi gílóòbù ìdánwò kàn án, nítorí iná kékeré tó ń ti ara mítà jáde lè tó láti mú un bú. Bí wáyà yẹ́lò bá ti já, a kì í lẹ̀ ẹ́, a máa ń pààrọ̀ rẹ̀ ni. Ẹ má sì ṣí kọ́kọ́rọ́ sí ON nígbà tí sọ́kẹ́ẹ̀tì ìjókòó bá ṣì wà ní yíyọ, bí ẹ kò bá fẹ́ fi kóòdù tuntun kún ti àtijọ́.

Ohun tí ẹ máa rí lábẹ́ ibẹ̀

Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì tó mọ́lẹ̀, kí ẹ fara balẹ̀. Ẹ wo inú sọ́kẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan lọ́kọ̀ọ̀kan. Pínnì tó mọ́ máa ń dán. Èyí tí omi ti dé máa ń ní èérú aláwọ̀ ewé tàbí funfun lára, ìdí ẹsẹ̀ wáyà níbi tó ti wọ pínnì á sì ti dúdú. Ibẹ̀ gan-an ni àléébù máa ń farapamọ́ sí, nítorí bí ẹ bá wo wáyà lókèèrè, ó dà bíi pé kò sí nǹkan kan. Ẹ fà á díẹ̀díẹ̀: bí ó bá jẹ́ pé rọ́bà ara rẹ̀ nìkan ló ń nà, kọ́pà inú ti já.

Omi yìí lè ti ọ̀pọ̀ ibi wá. Àwọn tó ń fọ mọ́tò máa ń da omi sórí kápẹ́ẹ̀tì bí ẹni ń fọ ilé. Àgbàrá òjò Èkó ń wọnú ọkọ̀. Omi AC tí páìpù rẹ̀ di máa ń ṣàn sẹ́yìn sí abẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó níwájú, tí ẹ kò sì ní mọ̀ títí kápẹ́ẹ̀tì á fi máa rùn. Àwọn ọkọ̀ kan sì wà tí ìkún omi ti bò ní Amẹ́ríkà kí wọ́n tó gbé wọn wá fún wa. Bí ẹ bá rí ẹrẹ̀ gbígbẹ nínú ihò réèlì, tí sípíríngì ìsàlẹ̀ ìjókòó sì ti dógùn-ún káàkiri, ẹ fura sí gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ ọkọ̀ náà, kì í ṣe ti ìjókòó nìkan.

Contact cleaner àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó rọ̀ ni ẹ ó fi fọ pínnì. Ẹ má lo pẹtiróòlù, ẹ má lo sándípépà. Ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá. Wáyà tó já, yàtọ̀ sí ti yẹ́lò, ẹ fi lẹ́ẹ̀dì jó o pọ̀, kí ẹ fi rọ́bà tó ń sún kì nínú ooru bò ó. Lílọ́ wáyà pọ̀ kí a wá fi téépù wé e kò tó níbí: àmì tó ń ti sẹ́ńsọ̀ yìí jáde kéré gan-an, ìwọ̀nba ìdènà tí irú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀ ń fà ti tó láti yí òǹkà padà. Ẹ wá so wáyà mọ́ ibi tó ti wà tẹ́lẹ̀ kí réèlì má baà máa gé e.

Bí ojú kò bá rí nǹkan, mítà ló kù. Ẹ yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì sẹ́ńsọ̀ àti ti brain box ìjókòó, kí ẹ wọn wáyà kọ̀ọ̀kan láti orí dé ìdí. Ó gbọ́dọ̀ dín ní 1 Ω. Láti wáyà náà sí irin ara ọkọ̀, kó tó 1 MΩ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wáyà tó yege nínú méjèèjì kò ní ẹ̀bi. Bí gbogbo wáyà bá yege tí kóòdù igun kan ṣoṣo ṣì ń padà, a jẹ́ pé sẹ́ńsọ̀ igun yẹn ló kú.

Dídá a padà sí òdo

Abala yìí ni wọ́n ń fò jù, òun náà ló sì fà á tí iná fi ń padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Nígbàkígbà tí ẹ bá tú ìjókòó, tí ẹ pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ tàbí brain box rẹ̀, tàbí tí ẹ rán aṣọ tuntun sí i, òdo àtijọ́ kì í ṣe òdo mọ́. Alápatà tó gbé abọ́ tuntun sórí òṣùwọ̀n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dá ọwọ́ rẹ̀ padà sí òdo kó tó wọn ẹran. Bákan náà ni.

Ẹ dé bóòtù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà, kí ẹ fi sìpánà tó ń wọn agbára fún wọn ní bákan náà, nítorí bóòtù tó le ju ìyókù lọ ń lọ́ réèlì, réèlì tó lọ́ sì ń parọ́ fún sẹ́ńsọ̀. Ẹ so gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì padà, kí ẹ tó so bátìrì. Ọkọ̀ gbọ́dọ̀ wà lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ má ṣe é lórí ilẹ̀ gbágungbàgun wọ́kṣọ́ọ̀bù. Ẹ sún ìjókòó sẹ́yìn títí dé ìparí, ẹ gbé ẹ̀yìn rẹ̀ nàró, ẹ rẹ ìgbórílé sílẹ̀ pátápátá, ohunkóhun má sì sí lórí rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fara kan ọkọ̀ bí ó ti ń ṣiṣẹ́. Nínú Techstream, ẹ wọ Occupant Detection, Utility, kí ẹ mú Zero Point Calibration.

Tó bá ti parí, Sensitivity Check ló kàn. Ẹ gbé ohun tó wúwo tó 30 kg sí àárín ìjókòó. Òǹkà tí skánà máa fi hàn gbọ́dọ̀ wà láàárín 27 sí 33 kg. Àpò ìrẹsì 25 kg pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì omi lítà 5 fún yín ní 30 kg gẹ́ẹ́ bí ẹ bá ti wọ̀n wọ́n, kí ẹ ṣáà rí i pé ìdérí kẹ́ẹ̀gì náà le. Àpò pure water mẹ́ta náà lè sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọ̀rá ló kún tó bí wọ́n ṣe kọ ọ́, nítorí náà ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n ná. Bí òǹkà bá jáde síta, ẹ tú bóòtù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ tún wọn dì, ẹ tún un ṣe. Bí ó bá tún kùnà lẹ́yìn èyí, ìjókòó náà fúnra rẹ̀ ni ẹ ó pààrọ̀ pẹ̀lú réèlì àti sẹ́ńsọ̀ rẹ̀.

Tòkunbọ̀ ìjókòó wà ní Ládípọ̀. Ẹ ra ti ọdún kan náà, ti ọkọ̀ kan náà, tó ti Amẹ́ríkà wá pẹ̀lú. Ẹ wo abẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì gbà á pẹ̀lú brain box tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ óò ṣì dá a padà sí òdo.

Bí ọkọ̀ yín kì í bá ṣe Toyota

Nínú GM, àpò jẹ́ẹ̀lì, sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ àti brain box kékeré rẹ̀ ni wọ́n jọ wọ̀n pọ̀ ní ilé iṣẹ́. Odidi ni ẹ ó rà. Ẹ má mú àpò láti ara ọkọ̀ kan kí ẹ fi sí brain box òmíràn. Honda nílò HDS, ìyẹn skánà Honda fúnra rẹ̀, tàbí skánà tó lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Nínú BMW àti Mercedes, pẹlẹbẹ abẹ́ aṣọ ìjókòó máa ń ya níbi tí èèyàn ti ń fi eékún tẹ̀ ẹ́ láti na ọwọ́ sẹ́yìn, kò sì ṣeé lẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ta ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣe bíi pé èèyàn wà níbẹ̀ nígbà gbogbo. Ẹ má rà á. Ó ń sọ fún airbag pé àgbàlagbà ló jókòó, àní bí ọmọ ọwọ́ bá wà nínú ìjókòó rẹ̀ tó kọjú sẹ́yìn.

Fáwọn tó ń wa Nissan, ẹ ṣe nǹkan kan kí ẹ tó náwó. Ní 2014, Nissan pe ọkọ̀ tó sún mọ́ mílíọ̀nù 1 padà ní Amẹ́ríkà nítorí sẹ́ńsọ̀ ìjókòó yìí gan-an, ní 2016 ó tún pe èyí tó lé ní mílíọ̀nù 3. Ẹ tẹ nọ́ńbà VIN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀) yín sí nhtsa.gov/recalls. Bí wọn kò bá tíì ṣe é, ẹ mọ̀ pé àléébù náà ti wà lára rẹ̀ láti ilé iṣẹ́. Ojú ewé kan náà á sọ fún yín bóyá airbag Takata (orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é) tí wọ́n pè padà, tí wọn kò tíì pààrọ̀, wà nínú ọkọ̀ yín. Ooru àti ọ̀rinrin ló ń ba kẹ́míkà inú rẹ̀ jẹ́ títí tí yóò fi máa tú pẹ̀lú àfọ́kù irin, ilẹ̀ wa sì ní méjèèjì. Ẹni tó ń tún sẹ́ńsọ̀ ìjókòó ṣe kí airbag lè ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ mọ irú airbag tó fẹ́ tají.

Àyẹ̀wò ìparí

Ẹ pa gbogbo kóòdù rẹ́ nínú Occupant Detection àti nínú SRS. Ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́ pẹ̀lú ìjókòó tó ṣófo: iná pupa gbọ́dọ̀ kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá bíi 6. Nínú àwọn Toyota kan, ON àti OFF kò ní tàn bí ìjókòó bá ṣófo. Nínú òmíràn OFF á tàn. Ìwé ọkọ̀ yín ló máa sọ. Kí àgbàlagbà jókòó, kó nà ẹ̀yìn, kó de bélíìtì, kó gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀: ON gbọ́dọ̀ tàn. Nínú data skánà, ẹ ó rí AM50 fún ọkùnrin tó sanra tó, AF05 fún obìnrin kékeré, CHILD fún ọmọdé. Ẹ wa ọkọ̀ náà gba ojú ọ̀nà tó ní gegele, ẹ sún ìjókòó síwá-sẹ́yìn, kí ẹ sì tún ka kóòdù lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Bí B1650 kò bá padà, iṣẹ́ ti parí. Àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13, kí wọ́n máa jókòó sẹ́yìn síbẹ̀síbẹ̀, pẹ̀lú bélíìtì.